Dùùrù Ẹlẹ́sẹ̀ ti Dísù Ọlápọ̀sí

Bí ẹ bá dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ẹ ní Munirat Ọlápọ̀sí lẹ ń wá, wọn á ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ ní Ìyá Fawziyyah Adìwé. Ẹni tí ẹ bi á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí tábìlì, nítorí obìnrin náà lè bú èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó sì ti ń di ìwé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ní Ṣómólú, ẹnìkan kì í dá ìwé ṣe. Oníkọ̀ǹpútà á to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gé e, wọn á wá ru òkìtì bébà náà wá bá Munirat. Òun á wá to òkìtì náà yí tábìlì gígùn kan ká, ojú ewé kìíní sí ìkẹrin síhìn-ín, ìkarùn-ún sí ìkẹjọ sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, á máa rìn yí tábìlì po, á máa ṣa ewé kọ̀ọ̀kan, títí odidi ìwé kan á fi pé sí i lọ́wọ́. Á gán an lẹ́yìn, á fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo rẹ̀, ó parí. Ó ti rìn yí tábìlì yẹn débi pé sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti jẹ. Dókítà kan ní Igbóbì yẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó ní ti òsì ti gbó ju ti ọ̀tún lọ nítorí apá kan ṣoṣo ló ń yí sí, ó ní kó máa yí sí apá kejì. Munirat ní, "Dókítà, tí mo bá yí sí apá kejì, àwọn èèyàn á kú lójú ewé kìíní kí wọ́n tó bí wọn."

Ìtàn ìdílé àwọn ẹlòmíràn tó ti dì kò lóǹkà. Ó ti di ti ìdílé tó ní ọba ni bàbá ńlá àwọn, ó ti di ti ìdílé tó ní àwọn ló kọ́kọ́ ra mọ́tò ní gbogbo Èkó, ó sì ti di ti ìdílé mẹ́ta mìíràn tí àwọn náà ní àwọn ló kọ́kọ́ rà á. Tirẹ̀ nìkan ni kò tíì dì. Dùùrù ló fà á.

Bàbá rẹ̀, Alàájì Yaqub Ọlápọ̀sí, akọ̀wé ìjọba ni nígbà ayé rẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kó wá sí Ṣómólú nígbà tí ilé bàbá wọn kún débi pé wọ́n ń sùn sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ kan ni bàbá yìí kì í jẹ́ kó sinmi. Ó ní Dísù Ọlápọ̀sí, bàbá tó bí bàbá òun, kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà lásán. Ó ní lọ́jọ́ kan, ní ayé àwọn gómìnà òyìnbó àkọ́kọ́, wọ́n pe Dísù pé kó wá tún fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe. Ó débẹ̀, ó bá ọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù, ó sì dúró wò ó. Orin náà dùn mọ́ ọn, àmọ́ inú bí i. Ọwọ́ méjèèjì lọkùnrin náà fi ń tẹ dùùrù! Dísù ní ìfiṣòfò pátápátá ni. Ta ló máa wá ṣiṣẹ́?

Ló bá lọ sílé, ó kan dùùrù tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀. Pátákó ńlá méjì wà fún gìgísẹ̀, àwọn yẹn ló ń fa atẹ́gùn wọlé. Kéékèèké márùn-ún wà láàárín wọn fún àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àwọn yẹn ló ń kọrin. Telọ lè máa ránṣọ kó máa kọrin. Onídìrí lè máa dirun kó máa kọrin. Bàbá Munirat á wá na ọwọ́ sókè, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè pẹ̀lú, á ní, "Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń kọrin!" Á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Tí wọ́n bá wá bi í pé dùùrù náà dà, á ní, "Wọ́n ní ó gbé e lọ sórí omi." Omi wo? Kò mọ̀. Ta ló rí i? Bàbá òun rí i nígbà tó ṣì kéré. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò rí i rí. Ó kàn ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe júwe rẹ̀ fún un, ó sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó.

Ṣómólú rẹ́rìn-ín títí. Alàájì Ẹlẹ́sẹ̀ Olórin ni wọ́n ń pè é. Nojeem, àkọ́bí rẹ̀, ló jẹ ìyà ọ̀rọ̀ náà jù. Nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á di í mú, wọn á bọ́ bàtà rẹ̀, wọn á ní kó fi àtàǹpàkò kọ orin ìyìn orílẹ̀-èdè fún àwọn. Bó ṣe dàgbà tó korìíra ọ̀rọ̀ dùùrù nìyẹn. Ní ti Munirat, ó gba bàbá gbọ́. Kò ní ẹ̀rí kankan o. Ó kàn fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ni, kò sì lè fara dà á pé kí wọ́n máa pe ẹni tó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá tí Alàájì kú, ẹbí pinnu láti ṣe àdúrà ìrántí, kí wọ́n sì pín ìwé ìtàn ìdílé, ogójì ẹ̀dà. Fawziyyah, ọmọ Munirat tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì kan ní Palmgrove, ló tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nojeem, tó ti di olórí ẹbí, tó sì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, mú bírò pupa, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò.

"Munirat, page nine sí twelve yìí, lórí dùùrù. Evidence dà?"

Munirat gbé kàlẹ́ńdà bàbá wọn síwájú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo àwòrán. A ti fi sínú ìwé náà."

"Àwòrán ni evidence? Èmi náà lè ya màlúù tó ń fò."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá ló sọ ọ́."

"Bàbá sọ ọ̀pọ̀ nǹkan." Ó dé bírò rẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn àdúrà, níwájú gbogbo ẹbí, tí ò bá sí evidence, ìwọ fúnra ẹ lo máa mú bíléèdì, lo máa yọ ewé yẹn kúrò nínú ogójì ìwé, one by one. A ò ní máa pín irọ́ fún àwọn ọmọ wa."

Ẹ wo ìkà! Kí wọ́n ní kí adìwé ya ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì, kó sì jẹ́ ewé tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà. Munirat ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Obìnrin Ìlàjẹ kan, Sabina, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Bàrígà, fẹ́ ogójì ìwé ìdúpẹ́ fún ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀, Màmá Hadassah. Sunday kan náà ni Sabina àti ẹbí Ọlápọ̀sí fẹ́ pín ìwé wọn. Oníkọ̀ǹpútà kan náà ló to ìwé méjèèjì, ọkùnrin yìí kò sì mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ: lẹ́tà kan náà, òdòdó kan náà létí ìwé, ojú ewé mẹ́rìndínlógún géérégé, ì báà jẹ́ òkú, ì báà jẹ́ ìyàwó. Munirat to iṣẹ́ méjèèjì sórí tábìlì kan, ti Ọlápọ̀sí lápá ọ̀tún, ti Hadassah lápá òsì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ àkókò ò sí.

Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí fóònù dún. Bọ̀ọ̀dá Nojeem ni. Kò kí i, kò bi í léèrè ara. Ó kàn ní, "Munirat, ṣé bíléèdì wà nílé?"

Inú bí Munirat débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó gbé odidi òkìtì ojú ewé kẹsàn-án sí ìkejìlá, èyí tí dùùrù wà nínú rẹ̀, ó wo àwòrán bàbá rẹ̀ títí, ó ń sọ̀rọ̀ sí Nojeem lábẹ́nú, irú ọ̀rọ̀ tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, apá òsì ló gbé e kalẹ̀ sí. Ó rí àlàfo lápá ọ̀tún, ó rí òkìtì tó lé lápá òsì, ó gbé ìyẹn dí àlàfo. Lẹ́yìn náà ló wá rìn. Ó rìn ogójì ìgbà fún ti àkọ́kọ́, ó rìn ogójì ìgbà fún ti ìkejì, ó ń jà pẹ̀lú Nojeem nínú ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ọgọ́rin ìgbà náà, kò sì wo ewé kankan lójú.

Ọjọ́ Sunday pé. Àlùfáà ṣe àdúrà, ẹbí jókòó kún pálọ̀. Nojeem dìde, ó wọ awò ojú, ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ọ̀gá ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹjọ.

"Dísù Ọlápọ̀sí jẹ́ ọkùnrin gbọingbọin, onírùngbọ̀n, aláyà bí kìnnìún. Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún..." Nojeem ṣí ewé, kò dúró mí. "...ó lóyún àkọ́bí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ra ọkọ̀ ojú omi fún un. Ọmọ méje ni ó bí, gbogbo wọn ni ó fún lọ́yàn fún ọdún méjì méjì."

Ìyàwó bàbá kan tó ti darúgbó mi orí, ó ní, "Ẹn-ẹ́n! Àwa ò mọ̀ o." Àlùfáà ní Subhanallah. Ni Fawziyyah bá bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà sì ran gbogbo ẹbí. Nojeem ṣí ewé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ẹja gbígbẹ nìkan ló ń rí. Kò sí dùùrù níbì kankan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"O ò tiẹ̀ rí ewé kankan yọ," ló sọ. "Kó tó di next Sunday, tún gbogbo ẹ̀ dì. Má ṣe fi dùùrù sí i. Irọ́ Bàbá ti tó. A ò fẹ́ ti ìwé náà kún un."

Ojú ti Munirat débi pé kò lè jẹ ẹran tí wọ́n bù fún un, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ márúwá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Sabina sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú odidi páálí ìwé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. Ẹ má dá mi lóhùn, inú ń bí mi. Kí ni Màmá mi fi ṣe yín? Pásítọ̀ ka ìwé yìí níwájú ìjọ! Wọ́n ní irùngbọ̀n Màmá mi kàn án láyà! Wọ́n ní Màmá mi níyàwó mẹ́ta n'Ísàlẹ̀ Èkó! Màmá mi, deaconess!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìyá mi. Mistake ni. Mo máa tún gbogbo ẹ̀ dì lọ́fẹ̀ẹ́."

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́! Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù." Sabina ṣí ìwé kan, ó fi ìka gún àwòrán tó wà níbẹ̀. "Ta ló wọ ẹ̀yìnkùlé wa wá ya ẹwìrì wa?"

"Ẹwìrì wo?"

"Èyí! Ẹwìrì tí Màmá fi ń fẹ́ iná ẹja. Ta lẹ gba permission lọ́wọ́ ẹ̀? Abeg, ẹ dá mi lóhùn jàre, mo ti ní kẹ́ ẹ má dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, ẹ dá mi lóhùn báyìí."

Munirat wo ibi tó fi ìka gún: dùùrù tí bàbá rẹ̀ yà ni. Ó jókòó lójijì, orí èèpo ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù pa ló sì jókòó lé. Nígbà tó dìde, èèpo ìwé kan ti lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, kò sì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú Sabina, tí wọ́n gba Ladi-Lak kọjá lọ sí etí ọ̀sà, tí gbogbo Bàrígà sì ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀: ÌDÚPẸ́ ỌGỌ́RIN ỌDÚN.

Wọ́n bá Màmá Hadassah lẹ́yìn ilé nínú èéfín. Ó jókòó lórí àpótí ìjókòó, ó ń fọwọ́ yí ẹja lórí wáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè sódò lórí nǹkan dúdú kan. Munirat kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ìwọ lo hu irùngbọ̀n fún mi?" ni ìyá náà bi í. Kí Munirat tó bẹ̀bẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ràn àwọn ìyàwó mẹ́ta yẹn o. Wọn ì bá máa bá mi fọ ẹja."

Àmọ́ nǹkan dúdú yẹn ni Munirat ń wò. Pátákó ńlá méjì. Kéékèèké márùn-ún láàárín wọn. Wọ́n ti fi ọ̀pá irin so ó mọ́ ibi iná, wọ́n sì ti ki àkísà bọ ihò kan níwájú rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe yà á gan-an ló rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i?"

Màmá Hadassah ní ìyá ọkọ òun ló fún òun, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló sì fún ìyẹn. Nígbà ayé ẹni ìṣáájú yẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà onírùngbọ̀n kan gbé e wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó sí àgọ́ àwọn apẹja. Ó ní àwọn tó ń fa àwọ̀n, ẹsẹ̀ wọn kàn dúró lásán ni. Ó gbé e sínú ọkọ̀ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ọ̀sà. Ẹja kan ò sún mọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ kan fún un, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àpótí náà sílẹ̀ sórí ilẹ̀, kó máa lọ sílé.

"Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn púpọ̀," ni ìyá náà wí. "Ó rò pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn ò lè jẹ́ kó gbé e lọ. Ariwo ẹ̀ la ṣe ki àkísà sí i lẹ́nu. Atẹ́gùn ẹ̀ dáa fún ẹja."

Munirat fi etí ìborùn rẹ̀ nu iwájú àpótí dùùrù náà. Ó nù ún, ó tún un nù, títí lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ fi jáde nínú ẹ̀ẹ́dú: DÍSÙ ỌLÁPỌ̀SÍ LÓ ṢE É, 1889. BÍ KÒ BÁ DÚN, Ẹ TA Á NÍPÀÁ.

Ó pe Nojeem lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa bọ̀ ní Bàrígà, ní ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ẹ má wọ funfun o."

Ó wọ funfun. Ó dé pẹ̀lú jalabíà tó fẹ́ fọ́ èèyàn lójú, ó wo àpótí náà, ó ní, "Ẹwìrì nìyí." Munirat mú ẹ̀mú, ó fa àkísà jáde: àǹkárá àtijọ́ kan, ìbọ̀sẹ̀ kan, àti orí ẹja kan tí Màmá Hadassah fúnra rẹ̀ kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó ní kí Nojeem jókòó, kó bọ́ bàtà. Nojeem wo òkè wo ilẹ̀, ó bọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

"Ṣé o ti rí i?"

"Ẹ ka iwájú ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Nojeem bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á. Ó tún un kà. Ó dìde, ó ká jalabíà rẹ̀ sókè, ó sì ta á nípàá. Ó jókòó padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde níbẹ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe lè júwe rẹ̀, bí kò ṣe pé kí ẹ ro òbúkọ tó ń wúkọ́. Adìẹ fọ́n ká. Aládùúgbò kan ké láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ta ló kú?" Nínú pátákó kéékèèké márùn-ún tó ń kọrin, méjì péré ló ṣì ní ohùn, àwọn méjèèjì ò sì fẹ́ bára wọn mu. Sabina di etí. Nojeem tún un tẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni Munirat ti fi ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Nojeem lọ́jọ́ tí ẹ̀rí bá dé. Ó gún régé, èébú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni Nojeem sọ̀rọ̀, kò wojú rẹ̀.

"Nígbà tí àìsàn Bàbá le, èmi ni mo sùn tì í lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dùùrù yìí. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti dàgbà, ẹ má purọ́ mọ́.' Ó ní, 'Ó dáa, Nojeem.'" Ó fi ọwọ́ nu ojú, ẹ̀ẹ́dú sì yí i lójú. "Kò sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú. Kọ ìyẹn sínú ìwé. Page nine. Kọ orúkọ mi sí i."

Munirat ti máa ń ronú pé àìsàn ló mú bàbá rẹ̀ dákẹ́. Ó dùn ún wọra, ó sì wá èébú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló jókòó síbẹ̀ láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, jalabíà rẹ̀ ti di dúdú.

"Page nine ti kún," ló sọ.

Ó fa ike ọ̀dà kan tó ṣófo mọ́ra, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó ti Nojeem, ó sì bọ́ bàtà tirẹ̀. "Ẹ sún. Ẹ mú apá ọ̀tún, ẹ fi ti òsì fún mi."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le o," ni Màmá Hadassah ké láàárín èéfín, "iná mi ń kú!"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nojeem ń sunkún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Munirat ò wojú rẹ̀. Bí ti Nojeem bá ti dúró, á tẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí dùùrù má baà dákẹ́.